Ẹsẹ̀ Fìjàfọ́lọ́run Kò Dọ́gba

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa ń kí èèyàn nìyẹn, títí kan ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ní pálọ̀ yín ní Òkè-Ìlá ni mo wà báyìí, lórí àga yín gan-an, èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí. Màmá dúró ṣe ìpàdé àwọn ìyá lẹ́yìn ìsìn, ilé dákẹ́, kò sì sí ẹni tó máa bi mí pé ta ni mò ń kọ lẹ́tà sí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bi mí, n ó ní mò ń kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé kan. N kò ní parọ́.

Ara Màmá le. Orúnkún wọn ṣì ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní orúnkún àwọn kì í ṣe ti ewúrẹ́. A ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò ṣe. Igi gúáfà tí ẹ ní ẹ máa gé ṣì wà níbẹ̀, ó so púpọ̀ lọ́dún yìí, àwọn ọmọ ilé kejì sì ti ká a tán kó tó pọ́n. Rédíò yín ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá oníròyìn jà mọ́ bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohùn rẹ̀ kò ní ìbínú tó.

Ajá ni ìròyìn mi lónìí. Ẹ má wojú ọ̀run.

Nítorí bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Bàbá mi. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọmọ yín obìnrin ti di dókítà, ẹ ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ kì í parí ọ̀rọ̀ náà pé dókítà ẹranko ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣe bá mi lọ́nà pé kí n wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Alàgbà kan yọ ahọ́n sí mi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ni. Nígbà tí mo bá wá ní ajá àti mààlúù ni èmi ń tọ́jú, wọ́n á wò mí, wọ́n á wò yín, ẹ̀yin á sì máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò. Ẹ rí i pé mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ṣé ojú ń tì yín ni? N kò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé, nítorí mo rò pé àyè ṣì wà. Ẹ̀yin tí ẹ kò fi ẹsẹ̀ yín pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kí ló dé tí ẹ fi àwọn ajá mi pamọ́? Gbogbo Adó ló mọ̀ pé àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú yín ní Ìjan nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yín fi kúrú ju ti òsì lọ. Ẹ ń fi í rìn láàárín ọjà, ẹ ń fi í gòkè lọ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní pẹ̀lẹ́ fún yín nítorí rẹ̀, ẹ ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìròyìn mi.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Oníplánkì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé iyán ló ń jẹ láàárọ̀. Ìsọ̀ plánkì rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìjan, àwọn olè kì í sì í jẹ́ kó rí oorun sùn. Ìdí nìyẹn tó fi ra ọmọ ajá òyìnbó kan, irú àwọn ńlá tí orí wọn ń tó ìkòkò, tí wọ́n ń pè ní Bóábùlù. Ó sọ ọ́ ní Fìjàfọ́lọ́run. Mo bi í pé olè wo ló máa bẹ̀rù ajá tó ń jẹ́ irú orúkọ yẹn. Ó ní òun kò torí olè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, oníplánkì tó wà ní òdìkejì títì ni òun ń bá wí.

Nígbà tí wọ́n mú Fìjàfọ́lọ́run wá sí ilé ìwòsàn ẹranko wa, kò tíì pé ọdún kan rárá, ṣùgbọ́n ó ti ga dé itan mi. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti òsì ti tẹ̀ bí ọrun, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà síta. Bó bá ń rìn, èjìká òsì á lọ sílẹ̀, èjìká ọ̀tún á gòkè. Bàbá mi, mo mọ ìrìn yẹn. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ A, B, D.

Wọ́n ní ó já bọ́ láti orí òkìtì plánkì nígbà tó ṣì kéré, ó sunkún díẹ̀, ó sì dìde. Kò sẹ́ni tó tún ronú kàn án mọ́ títí ẹsẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìgbà náà ni oníkálukú gbé ọgbọ́n tirẹ̀ dé. Ẹnì kan ní egungun rẹ̀ kò lágbára, ni wọ́n bá ń fún un ní kálṣíọ̀mù aláboyún, wọ́n sì ń lọ èèpo ẹyin sínú ògì rẹ̀, láìmọ̀ pé ara ọmọ ajá ńlá kò fẹ́ àpọ̀jù. Ìyá Bàbá Oníplánkì, tí mo ń pè ní Ìyá Àgbà, ní tiwọn kò gbà pé oògùn ló kù. Wọ́n ní wọn kò na ẹsẹ̀ ajá náà dáadáa ní kékeré ni, bí wọ́n ṣe ń na ti ọmọ ọwọ́. Láràárọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wọ́ ajá ńlá yìí sórí itan bí ọmọ ìkókó, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àdí ra ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa nà án, kí èyí tó kúrú lè bá èyí tó gùn. Kò kù ju kí wọ́n jù ú sókè, kí wọ́n sì hán an. Ajá náà á máa ké. Ó jẹ́ ẹran tó lè gé ọwọ́ èèyàn já, kò sì bu Ìyá Àgbà jẹ lọ́jọ́ kan.

Ọmọ wọn ò ní sùúrù tiwọn. Ẹni tó ń ta plánkì, ojú plánkì ló fi ń wo gbogbo nǹkan. Ó sọ fún mi pé ohun tó bá ti wọ́ ti wọ́. Plánkì tó bá ti ká, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi kan àjà ilé, àwọn olóúnjẹ ló ń rà á lọ dáná. Ẹ sì mọ ìlú wa, àwọn tó ń se ẹran ajá tà kò jìnnà. Wọ́n ti yà sí ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ti bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ajá arọ ṣe. Ó wá ní kí n bá òun wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí mo bá lè mú wọn dọ́gba, kí n tọ́jú rẹ̀. Bí wọn kò bá ní dọ́gba, kí n tètè sọ, kí òun mọ ibi tí òun ń mú un lọ. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Fìjàfọ́lọ́run ń lá bàtà mi.

Mo ní kó jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.

Ọ̀gá mi, Dókítà Àgbà, ló gbà mí sí iṣẹ́. Ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni wọ́n, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì ti tọ́jú ẹran kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní kí n mú téèpù télọ̀, kí n wọ̀n ọ́n láti èjìká dé èékánná, kí n jẹ́ kí baba náà máa lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n gbà mí láyè. Awọ ajá ńlá a máa yọ̀ lórí egungun rẹ̀ bí agbádá lára ẹni tó rù. Ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn a sì máa gbé ara lé èkejì, ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀, èjìká á sọ̀ kalẹ̀, téèpù á sì máa parọ́ fún èèyàn. Egungun gan-an ni mo fẹ́ wọ̀n, láti oríkèé dé oríkèé, ìyẹn sì gba kí a fi ẹ̀rọ tó ń rí egungun nínú ara ya fọ́tò rẹ̀.

Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, nítorí ibí yìí ni iṣẹ́ mi ti dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì sínú fọ́tò kan ṣoṣo kí iṣẹ́ lè yá. Ẹsẹ̀ tó bá fi díẹ̀ jìnnà sí àwo fọ́tò á dà bí ẹni pé ó gùn ju bó ṣe gùn lọ, wọ́n á sì wá máa kọ ìyàtọ̀ tí kò sí sílẹ̀. Èmi máa ń ya ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo fún Fìjàfọ́lọ́run ní abẹ́rẹ́ oorun díẹ̀, mo fi ìrọ̀rí kéékèèké ti èjìká rẹ̀ kó má baà dagun, mo tẹ́ rúlà onírin sí ẹ̀gbẹ́ egungun, mo ya òsì, mo yí i padà, mo ya ọ̀tún bákan náà gẹ́lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, mò ń gbàdúrà kó má kú. Nígbà tí fọ́tò jáde, mo wọ̀n ọ́n, mo fi í sílẹ̀, mo lọ mu omi, mo padà wá tún un wọ̀n, kí ojú mi má baà máa rí ohun tó wù ú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbá ló dá.

Egungun méjì ló wà nínú ẹsẹ̀ iwájú ajá, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n jọ ń gùn pọ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn méjì jọ gbé àpótí kan tí wọ́n ń gòkè. Bí ọ̀kan bá dúró tí èkejì kò dúró, ẹrù á dagun. Ìṣubú orí plánkì yẹn ti ba ibi tí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń dàgbà jẹ́ ní ẹsẹ̀ òsì. Ó ti dúró. Egungun tó nípọn ṣì ń gbìyànjú láti gùn, èyí tó dúró sì dì í mú, ni ó bá ń tẹ̀. Kì í ṣe kálṣíọ̀mù ló kù ú kù. Nínà kọ́ ló sì máa tún un ṣe. Bí a bá gé díẹ̀ kúrò lára egungun tó dúró, èyí tó nípọn á rí àyè, ó sì lè tọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí ajá náà ṣì ń dàgbà.

Mo fẹ́ mọ bí ìkùdíẹ̀ náà ṣe ń hàn nínú ìdúró rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí Bàbá Oníplánkì gé plánkì pẹlẹbẹ díẹ̀ fún mi. Mo ń ti wọn sí abẹ́ ẹsẹ̀ òsì ajá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bọ́ sẹ́yìn, mo ń dijú kan wo èjìká rẹ̀. Ẹ ò ní bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kí aránbàtà tó gé ìtẹ̀lẹ̀ tuntun fún bàtà yín, ẹ máa ń pè mí sí yàrá, ẹ ó dúró lórí sìmẹ́ńtì láìwọ bàtà, n ó sì máa ti ìwé àwọn ọmọ iléèwé yín sí abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yín. Lẹ́yìn náà n ó sá lọ sẹ́yìn yín, n ó wo bẹ́líìtì yín. Bó bá ṣì dagun, n ó fi ìwé kan kún un. Ìwé ìṣirò ni ẹ máa ń ní kí n mú, ẹ ní ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì bá dúró gbọọrọ, n ó pariwo, ẹ ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ọba tó ń kúrò lórí ìtẹ́. Nínú gbogbo ẹsẹ̀ tí mo ti wọ̀n láyé mi, tiyín ni àkọ́kọ́.

Mo sọ fún Bàbá Oníplánkì pé mo lè mú kí ẹsẹ̀ náà tọ́. Ti pé yóò dọ́gba, mo ní n kò mọ̀, kó fún mi láyè títí ajá náà yóò fi dàgbà tán. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ajá, ó kùn sínú. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ òun kò yí padà: dídọ́gba ni òun ń wá.

Ó ku ti Ìyá Àgbà. Bí wọ́n bá ń na ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí mo bá ṣe á bàjẹ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé ìfẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìpalára? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ìyá yín fún wọn. Mo ní ìyá bàbá mi náà na ẹsẹ̀ ọmọ wọn pẹ̀lú àdí ní Ìjan, láràárọ̀, ọmọ á máa sunkún, ìyá náà á máa sunkún, ẹsẹ̀ náà kò sì gùn. Mo ní kì í ṣe pé wọn kò nà án dáadáa. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ wọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ohun tí ọwọ́ àwọn máa wá máa ṣe láràárọ̀. Mo ní kí wọ́n máa gbé ọwọ́ lé e lórí, kí wọ́n má fà á. Wọ́n ní àwọn á gbìyànjú.

Nígbà tó tó àkókò, èmi fúnra mi ni mo gé egungun náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ti bá wọn di nǹkan mú, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ọwọ́ ara mi ṣe é rí, kò sì sí ẹni tó ti ṣe é rí nínú ilé ìwòsàn wa. Dókítà Àgbà dúró tì mí, wọ́n ń ṣọ́ bí ajá náà ṣe ń mí títí mo fi rán awọ náà tán. Wọ́n wá bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n ní, "Usẹ́ rẹ sìàn, ọmọ Tíṣà." Ẹ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo dúró ti jẹnẹrétọ̀, mo sì sunkún ayọ̀ níbi tí ariwo ò ti ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi.

Oṣù ń gorí oṣù. Mo ń ya fọ́tò, mo ń wọ̀n, bákan náà bíi ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Egungun tó nípọn rí àyè. Díẹ̀díẹ̀, ọrun náà ń tọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ padà síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ewúrẹ́ kúrò ní ìdí plánkì. Ìyá Àgbà ń gbé ọwọ́ lé e lórí láràárọ̀ títí ó fi di pé ajá náà fúnra rẹ̀ ló ń wá gbé orí síbẹ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Nígbà tó dàgbà tán, mo wọ̀n ọ́n fún ìgbà ìkẹyìn. Mo wọ̀n ọ́n, mo mu omi, mo tún un wọ̀n. Ẹsẹ̀ òsì ti tọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì kúrú ju ti ọ̀tún lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Àkókò tí egungun náà fi dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ti lọ, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà dá a padà. Dókítà Àgbà wo fọ́tò náà, wọ́n ní kí n sọ fún baba náà pé ó dọ́gba. Wọ́n ní ta ló máa rí i, ta ló máa wọ̀n ọ́n wò, ẹ̀mí ajá náà ni kí n rò. Àánú ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo sì rò ó, Bàbá mi, n kò ní tàn yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni, ajá náà á sì bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní ó dọ́gba, a jẹ́ pé èmi náà gbà pé tí kò bá dọ́gba, kò yẹ kó wà láàyè. Ẹnu mi kò lè gba ìyẹn. Ọmọ yín kọ́ ló máa sọ ọ́.

Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Oníplánkì, ìyá rẹ̀ àti ajá. Mo gbé fọ́tò méjèèjì sójú fèrèsé. Bàbá Oníplánkì sún mọ́ ọn, ó dijú kan, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe ń wo ẹ̀gbẹ́ plánkì. Ó béèrè bóyá ó ti dọ́gba.

Mo ní, "Kò dọ́gba, sà. Kò sì ní dọ́gba láé."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo orí ajá náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ti tọ́ tó, bí ìyàtọ̀ náà ti kéré tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo ní, "Ẹsẹ̀ bàbá mi kan kúrú. Òun náà ni wọ́n fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi níléèwé."

N kò sọ ọ́ fún oníbàárà rí. N kò sì fi ohùn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń dárúkọ ìlú rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé èmi gan-an ló ń wọ̀n. Kò ní pẹ̀lẹ́. Bó bá ní pẹ̀lẹ́, ǹ bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ó ń sáré?"

Mo ní ó ń sáré.

"Ṣé ó ń gbó?"

Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn. Wọ́n ní gbogbo ọ̀nà Ìjan ló ń gbọ́ ọ.

Ó wá fa okùn ajá náà mọ́ra, ó ní, "Kí wá ni mo fẹ́ fi dídọ́gba ṣe?"

Wọ́n ń lọ. Mo ti yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má rí ojú mi. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ Bàbá Oníplánkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá bàbá mi ṣì wà láyé. Mo ní wọ́n ti sinmi. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáyà, ó ní, "Dókítà, bàbá yín bímọ."

Kò sọ pé mo gbọ́n, kò sọ pé ọwọ́ mi mọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin ló kí. Dókítà ajá ni mí, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ajá ni ó fi okùn fà lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yín ni, Bàbá mi, kì í ṣe tèmi, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Mo gbé e wá fún yín. Ẹ gbà á, kí ẹ sì parí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Ọmọ yín obìnrin, tó ń fi yín yangàn láàárín Adó,
pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò ní ìwọ̀n.